Ohun Tí Mo Rí Nínú Ráútà Màmá Tíṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá wá bú mi lẹ́yìn náà, mi ò ní jiyàn. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́ pẹ́ tó, á tán nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò tán.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ síbí báyìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ da ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ rú. Wọ́n ní ọmọ náà jí lẹ́tà, wọ́n ní ó tú àṣírí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ̀sùn náà kàn án.

Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgbọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú ilé àwọn èèyàn ní Bódìjà ni iṣẹ́ mi pọ̀ sí jù. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbé ráútà kalẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Màá fa wáyà, màá so fóònù gbogbo ará ilé mọ́ ọn, màá yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò kí fáírọ́ọ̀sì má baà wọ̀ ọ́. Ẹ́ńjíníà ni wọ́n ń pè mí. Mi ò ka ìwé ẹ́ńjíníà kankan o. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Àwọn tó ń pè mí, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, fóònù ni wọ́n fi ń rí ojú ọmọ-ọmọ. Ìṣòro wọn kò ju ẹyọ kan lọ: páásíwọ́ọ̀dù. Bí mo bá fún wọn ní èyí tó le, tó ní lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré àti àmì oríṣiríṣi, kí n tó dé Àgbọ́wọ́, fóònù mi á ti máa dún. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ló ní àwọn ò kọ ọ́ dáadáa. Màá ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n á ní àwọn ti tún un kọ. Bàbá kan ní òpópónà Àwólọ́wọ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì ṣépè fún ẹni tó dá íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Bí mo ṣe dọ́gbọ́n kan nìyẹn. Bí mo bá ti dé ilé èèyàn, màá ní, "Màmá, kí ni oríkì yín?" Ojú wọn á dán. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n. Ẹlòmíì á ki ara rẹ̀ títí omijé á fi bọ́. Oríkì yẹn ni màá fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù, màá fi nọ́ńbà ilé tẹ̀ lé e, ó parí. Kò sí àgbàlagbà tó máa gbàgbé oríkì ara rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń yìn mí. Wọ́n ń fi mí han àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní Ẹ́ńjíníà yìí kò dà bí àwọn yòókù, ó mọ èèyàn í tọ́jú. Mo tiẹ̀ máa ń fi ọgbọ́n náà yangàn ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ bá mi rò ó wò báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé oríkì jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀? Ohun tí a fi ń pe èèyàn láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ohun tí ìyá fi ń kí ọmọ láàárọ̀ títí aládùúgbò á fi gbọ́ ni. Nọ́ńbà ilé ńkọ́? Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà sára géètì. Mò ń tilẹ̀kùn fún àwọn èèyàn, mo sì ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára rẹ̀.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà tí mo máa ń ṣe. Ráútà ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti wáì-fáì, èyí tí èèyàn fi ń wọ inú rẹ̀ lọ tún un tò. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá ló máa ń wà, ẹni tó bá mọ irú ráútà yẹn mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n yí i padà nílé kọ̀ọ̀kan. Mi ò yí i padà rí. Mo fẹ́ kó rọ̀ mí lọ́rùn tí wọ́n bá pè mí. Ìkejì, bí ẹnì kan bá fẹ́ máa fi fóònù wo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ńṣe ni màá ṣí fódà náà sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó bá ti wà lórí wáì-fáì ilé yẹn. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé mo ti ti gbogbo rẹ̀ pa. Mo máa ń pa á lówe pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bu omi tútù fún mi.

Màmá tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ọmọ Èkìtì ni ọkọ wọn tó ti kú. Káyọ̀dé, àkọ́bí wọn, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ọmọbìnrin wọn wà ní Kánádà. Àwọn fúnra wọn ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ wọn kọ́, ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ wọn tí wọ́n ń pè ní Bàbá Fẹ́mi ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Sẹkitéríàtì ni Bàbá Fẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́.

Bísọ́lá ló ń gbé pẹ̀lú Màmá lókè. Ọmọ àbúrò ọkọ wọn ni. Láti ìgbà tó ti wà ní kíláàsì kìíní nílé ìwé girama ni wọ́n ti mú un wá sí Ìbàdàn, Màmá ló sì tọ́ ọ títí tó fi di tíṣà bíi tiwọn. Lásìkò tí mò ń wí yìí, á ti tó ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fún un ní oríkì nílé bàbá rẹ̀. Àyìnkẹ́ tó ń jẹ́, Màmá ló fún un.

Ọjọ́ tí mo gbé ráútà wọn kalẹ̀, mo bi Màmá ní oríkì wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n fi tàwọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ti ọmọ yìí ni kí o fi sí i. Òun ni ojú mi." Bísọ́lá bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ Àyìnkẹ́, mo fi nọ́ńbà ilé sí i. Gbogbo àárọ̀ ni Màmá ń dúró létí réèlì òkè, tí wọ́n ń pe Àyìnkẹ́ kó wá jẹun kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń fọ mọ́tò rẹ̀ nísàlẹ̀ kò lè ṣe kó má gbọ́.

Nígbà tó yá, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà kan sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin wọn ní Kánádà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè sọ lórí fóònù ni, wọ́n sì ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Inú fódà tí mo ti ṣí sílẹ̀ fún fóònù wọn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n ní tí àwọn bá kú, kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ìlú ọkọ àwọn, Ìbàdàn ni kí wọ́n sin àwọn sí. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ wọn kú, àwọn kan nínú ẹbí ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní àfi kí wọ́n búra pé ọwọ́ wọn mọ́. Màmá dárúkọ àwọn tó ṣe é. Wọn ò sọ ọ́ fún ọmọ wọn kankan rí láti ọjọ́ náà.

Kí wọ́n tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ni nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ gbé e sórí gúrúpù tí gbogbo ẹbí ọkọ wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ ni, pẹ̀lú orúkọ gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yin náà mọ bí ẹbí ṣe rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pe Màmá ní ẹlẹ́nu ibi. Àwọn kan ní kí wọ́n má tiẹ̀ dúró dìgbà tí wọ́n bá kú, kí wọ́n kó jáde nílé ọmọ àwọn báyìí. Ọmọ wọn ní Kánádà ń sunkún lórí fóònù pé kí ló dé tí òun ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì. Màmá ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday méjì. Káyọ̀dé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ wá láti Àbújá. Ó ní òun á mọ ẹni tó ṣe é. Ó pè mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n jókòó sí pálọ̀: Màmá, Káyọ̀dé, àti Bàbá Fẹ́mi tó gòkè wá bá wọn kẹ́dùn. Bísọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn. Mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, níbi tí kọ̀ǹpútà Màmá máa ń wà. Wọn kì í pa á.

Mo wọ inú ráútà. Mo wo àwọn ohun tó so mọ́ ọn. Mo rí fóònù Màmá, mo rí fóònù Bísọ́lá, mo rí kọ̀ǹpútà Màmá fúnra rẹ̀. Mo wá rí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ BABA FEMI.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fura. Mo mọ̀. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ni Bàbá Fẹ́mi gbé láápútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni mo nu gbogbo inú rẹ̀, èmi ni mo tún un tò, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi tẹ BABA FEMI sí i. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní wáì-fáì òkè. Màmá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí àwọn ará ìsàlẹ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀.

Mo tún wo inú kọ̀ǹpútà Màmá, níbi tó ti máa ń fi ẹni tó ń ka fódà náà hàn. Láápútọ́ọ̀pù yẹn ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà náà ṣì wà ní ṣíṣí lórí rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé lọ́hùn-ún, ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ẹni tó ni ín jókòó sọ́wọ́ òsì mi, ó ń mu omi.

Káyọ̀dé bi mí léèrè. Ó ní, "Ẹ́ńjíníà, ṣé ẹni tí kò sí nínú ilé yìí lè rí lẹ́tà yẹn kà?"

Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Àmọ́ mo rò ó. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Káyọ̀dé á ní kí ló dé tó fi ṣeé ṣe, ta ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí ojú gbogbo àwọn tó ń yìn mí ní òpópónà yẹn. Bí mo ṣe tún ilé yìí ṣe náà ni mo ṣe tún tiwọn ṣe. Bó bá di mímọ̀ pé Ẹ́ńjíníà ń ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lára, iṣẹ́ mi tán nìyẹn ní Bódìjà. Bàbá Fẹ́mi ò bẹ̀ mí. Kò ṣẹ́jú sí mi. Mi ò tiẹ̀ rò pé ó mọ̀ pé mo ti rí i. Kì í ṣe òun ni mo ń dáàbò bò. Ara mi ni.

Mo ní, "Rárá o, sà. Láti inú ilé ni."

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Mo mọ ẹni tí wọ́n máa gbà pé mò ń wí.

Káyọ̀dé yíjú sí Bísọ́lá. Ó ní bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni. Ó ní àbí kí ló tún kù, oríkì ta ni wọ́n fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù? Ìwọ kọ́ ni ọmọ ẹbí wọn? Àwọn arákùnrin bàbá ẹ kọ́ ni lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ wọn? Bísọ́lá gbójú sókè. Èmi ló ń wò.

Ó ní, "Bọ̀dá Ẹ́ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ẹ bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ní, "Mo ti wò ó."

Mo bá yọ abẹ́rẹ́ kékeré tí mo máa ń kó dání, mo tì í bọ ihò tó wà lẹ́yìn ráútà, mo tẹ̀ ẹ́ títí iná rẹ̀ fi kú tó sì tún tàn. Ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ parẹ́. Mo tún ti fódà yẹn pa. Wọ́n rò pé mò ń dáàbò bò wọ́n ni. Káyọ̀dé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá Fẹ́mi náà dúpẹ́.

Màmá gbé ojú kúrò lára ọmọ náà. Wọ́n wá ní, "Bísọ́lá, dìde." Wọn ò pè é ní Àyìnkẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Àpáta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo lọ sùn. Fún oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, ilé tí mo bá gbé ráútà sí ni mò ń padà lọ. Màá ní mo wá yẹ̀ ẹ́ wò lásán ni. Mo yí páásíwọ́ọ̀dù inú ráútà padà nílé kọ̀ọ̀kan. Mo yọ oríkì kúrò. Mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan ṣe wáì-fáì wọn, mo kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn kí wọ́n fi pa mọ́. Mo ya wáì-fáì tàlejò sọ́tọ̀, kí ẹni tó bá wá kí wọn má baà dé ibi tí kọ̀ǹpútà wọn wà. Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba àtúnṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo ti gbogbo fódà. Wọ́n bínú sí mi. Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ dára jù. Màmá kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ tirẹ̀ sára ògiri pálọ̀, òkè tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní agbára àti bá a jà.

Mò ń ṣe é bí ẹni tó ń san gbèsè, àmọ́ kì í ṣe àwọn ni mo jẹ. Ẹni tí mo jẹ wà ní Àpáta.

Mo ṣì ń lọ sílé Màmá Tíṣà. Wọ́n á pè mí bí ẹ̀rọ bá ń lọ́ra. Kọ̀ǹpútà wọn wà lábẹ́ aṣọ báyìí, wọn ò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà yẹn, wọn ò parí ẹ̀. Bàbá Fẹ́mi ló ń gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú Ring Road bí ara wọn ò bá yá, òun ló ń bá wọn gba oògùn wọn. Wọ́n ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Bí mo bá ti fẹ́ máa lọ, wọ́n á bi mí pé, "Ẹ́ńjíníà, ṣé ó ti tì dáadáa?" Màá ní ó ti tì, mà. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bi mí bóyá mo máa ń gba Àpáta kọjá. Mo ní rárá. Wọ́n ní ó dáa.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí ni mo fi ní kí n sọ̀rọ̀.

Àlejò méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, bàbá kan àti ìyá kan, ó jọ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Wọ́n ní láti Àkúrẹ́ ni àwọn ti wá. Ọmọ àwọn fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bísọ́lá, àwọn sì ń ṣe ìwádìí. Ẹ mọ Bódìjà, àjòjì ló kúnbẹ̀. Kò sí agboolé tí èèyàn lè lọ bi léèrè. Àwọn tó ń wọlé tó ń jáde ni wọ́n máa ń bi: ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀, aláṣọ tó dojú kọ géètì, oníṣẹ́ ọwọ́. Bàbá Fẹ́mi ló júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún wọn. Ó ní èmi ni mo ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá yẹn ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní, "A gbọ́ pé ó tú àṣírí ẹni tó tọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé òótọ́ ni?"

Mi ò lè parọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, Ọlọ́run ló mọ̀. Mi ò sì lè sọ òótọ́. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n má dá sí i. Ẹ bi àwọn ẹlòmíì."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé ohun tó dára ni mo ṣe. Mo rò pé mi ò parọ́. Ìgbà tí mo rí i tí ìyá yẹn wo ojú bàbá, tí àwọn méjèèjì mí kanlẹ̀, ni mo tó rántí. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń dáhùn ìwádìí nílẹ̀ wa. Bí ọmọ bá dára, ẹni tí wọ́n bi á sọ̀rọ̀ títí, á ní bí òun bá ní ọmọkùnrin òun ni ì bá fẹ́ ẹ. Bí kò bá dára, kò sẹ́ni tó máa là á mọ́lẹ̀. Á kàn ní kí wọ́n bi àwọn ẹlòmíì. Àlejò á dúpẹ́, á sì máa lọ sílé, nítorí ó ti gbọ́.

Ìyá yẹn dúpẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ní, "A ti rí i pé ẹ ò fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Olúwa á bá yín tọ́ tiyín."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀ lé wọn. Mo dúró síbẹ̀ ni. Oníbàárà kan dé, ó gbé fóònù tó bọ́ sómi lé mi lọ́wọ́, mo bá wọlé.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bísọ́lá pè mí. Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù, ohùn ni mo fi dá a mọ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán o, Bọ̀dá Ẹ́ńjíníà." Ó kí ìyàwó mi, ó kí àwọn ọmọ. Ó wá ní àwọn ará ilé ọkọ òun ní kí wọ́n ṣì dá ọjọ́ ìdána dúró, wọn ò tíì mú ọjọ́ mìíràn. Ó ní ọkọ òun ń bá wọn jà, àmọ́ ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Mo ní Ọlọ́run á ṣe é.

Ó ní, "Mo kàn ní kí n pè yín kí n dúpẹ́ ni, sà. Wọ́n ní gbogbo ibi tí àwọn dé ní Bódìjà, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ní mo ṣe. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ ò sọ ohun tí kò dáa nípa mi. Ẹ ṣé gan-an ni. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Màmá, ẹ bá mi kí wọn."

Mo ní wọ́n á gbọ́. Ó pa fóònù.

Látọjọ́ yẹn, mo ti kojú sí ilé Màmá lẹ́ẹ̀mejì, mo ti yà sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹ̀rí kankan mọ́, ọwọ́ mi ni mo fi pa á rẹ́. Bàbá Fẹ́mi lè ní irọ́ ni mò ń pa. Bí Màmá bá sì gbà mí gbọ́, wọ́n á mọ̀ lọ́jọ́ kan náà pé ọmọ tí wọ́n lé jáde kò ṣe nǹkan kan, àti pé ẹni tó ń gbé wọn lọ gba oògùn ló ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ wọn kì í wálẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, ọrùn mi náà ni. Bísọ́lá ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé kó gba ọpẹ́ rẹ̀ padà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé Màmá ni, àbí Bísọ́lá, àbí kí n wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àlejò yẹn kí wọ́n tó fún ọmọ wọn ní ìyàwó mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ sì bá mi tọrọ àforíjì, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé kí n dákẹ́, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ìmọ̀ràn yẹn ni mo ti ń gba ara mi láti ọdún mẹ́ta.